Bàbá Gbọnrangandan àti Bíléèdì Abìyẹ́

Ó yẹ kí gbogbo ayé gbọ́, kó sì wà ní àkọsílẹ̀, pé Bàbá Gbọnrangandan kì í wọ ilé onílé láì kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kó to bàtà gbogbo ẹni tó wà nínú ilé náà sí ìlà kan, kí imú bàtà kọjú síta, kí gìgísẹ̀ fara ti ògiri. Ìbáà jẹ́ ilé ayọ̀, ìbáà jẹ́ ilé ẹkún, bàtà á kọ́kọ́ tò. Lọ́jọ́ tí bàbá ìyàwó rẹ̀ kú, àwọn èèyàn ń sunkún ní pálọ̀, òun ń wá ẹsẹ̀ kejì sálúbàtà kan lábẹ́ àga ẹnu ọ̀nà. Ìgbà tó rí i ló tó wọlé, tó sì bú sẹ́kún tòótọ́.

Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ wà níbì kan, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti lò ó. Àwọn ará ọsibítù tó ti ń ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Gbọnrangandan, nítorí pé ohunkóhun tó bá wọ́ lójú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró gbọnrangandan kí oúnjẹ tó lè gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lọ. Káléńdà tó bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lára ògiri, á tún un gbé kọ́. Aláìsàn tó bá dùbúlẹ̀ ní ìdábùú lórí bẹ́ẹ̀dì, Bàbá á dúró lójú fèrèsé, á máa fọwọ́ ṣàpèjúwe fún un pé kó sún sí àárín. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ pàápàá, ó ní kí ayàwòrán dúró ná, òun fẹ́ tún ìborí ìyàwó ṣe kó lè bá etí méjèèjì dọ́gba. Àwòrán náà ṣì wà ní pálọ̀ wọn títí dòní. Ìborí dọ́gba, ó gún régé. Ojú ìyàwó ló dà bí ojú ẹni tó fẹ́ jà.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni ìtọ́jú ọgbà ọsibítù, ohun tó sì fẹ́ràn jù lọ nínú iṣẹ́ náà ni pápá koríko tó wà láàárín wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin àti ilé oògùn. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbìn ín, ní ìdì-ìdì, nígbà tí ibẹ̀ jẹ́ iyanrìn lásán. Orí pápá yìí ni àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún ti ń kọ́ ìrìn padà, láìwọ bàtà, pẹ̀lú ọwọ́ léjìká ọmọ tàbí àbúrò wọn. Orí rẹ̀ ni àwọn tó ń dúró de ìròyìn máa ń jókòó sí. Bí Bàbá bá gé e tán, ipa ẹ̀rọ á hàn lórí rẹ̀ ní ìlà-ìlà, bí ìwé tí wọ́n fi rúlà là, òun náà á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á fọwọ́ lẹ́rán, á máa wò ó bí àwọn mìíràn ṣe ń wo tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ̀rọ ìgéko rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí èèyàn ń tì kiri. Ẹ fojú inú wo agbada irin kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀: ẹ́ńjìnì jókòó lé e lórí, bíléèdì gbọọrọ kan sì ń yí nísàlẹ̀ rẹ̀. Iyanrìn ti jẹ bíléèdì àtijọ́ tó fi tín-ín-rín bí ìwé, ni Bàbá bá lọ ra òmíràn lọ́dọ̀ Ìyá Onípáàtì, tó ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ.

"Bàbá, èyí lágbára o," ni Ìyá Onípáàtì wí bó ṣe ń nu òróró ara rẹ̀. "Bí koríko bá gbọ́ pé ẹ ń bọ̀, á ti gé ara rẹ̀ sílẹ̀ dè yín."

Irọ́ kọ́ ló pa. Lọ́jọ́ tí Bàbá kọ́kọ́ lò ó, ẹ̀rọ náà fa koríko, ó fa iyanrìn, ó fa ewé gbígbẹ, ó fa àǹkáṣífì obìnrin kan tó jókòó jẹ́ẹ́ sórí bẹ́ǹṣì. Pápá náà gé mọ́lẹ̀ bí orí tó ti ọwọ́ onígbàjámọ̀ gidi bọ̀. Ṣùgbọ́n ariwo! Bí ẹni pé ọkọ̀ òfúrufú kan ń wá ibi tó máa balẹ̀ sí nínú wọ́ọ̀dù. Aláìsàn kan tó ti kọ oúnjẹ látàárọ̀ dìde jókòó, ó béèrè ibi tí ogun ń gbà bọ̀.

Olórí nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ pè é. Màmá ni gbogbo èèyàn ń pè é, títí kan àwọn tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Obìnrin náà kì í gbóhùn sókè. Bó bá fẹ́ kí ẹ̀rù bani, ńṣe ló máa ń rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bàbá."

"Mà."

"Kí ló ń ké níta yẹn?"

"Ẹ̀rọ ìgéko ni mà. Bíléèdì tuntun la fi sí i."

"Ṣé kò ti mú ẹnì kan jẹ?"

"Rárá o, mà."

"Ẹ gbọ́, Bàbá. Àwọn tó wà ní wọ́ọ̀dù mi, oorun ni oògùn wọn kejì. Mi ò lè máa fún wọn lóògùn níbi, kẹ́ ẹ máa gbà á lọ́wọ́ wọn lójú fèrèsé. Ẹni tó ń to òkúta ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ wá wọn iwájú ilé oògùn. Màá ní kó kúkú wọn pápá yẹn mọ́ ọn, kó fi òkúta tẹ́ ẹ."

"Òkúta, mà?"

"Òkúta. Òkúta kì í hù, ẹnikẹ́ni kì í gé e. Kẹ́ ẹ sì má sọ pé àdá lẹ máa fi gé e. Ọdún tẹ́ ẹ fi àdá gé e, ẹ̀yìn dídùn ló gbé yín wá bá wa ní wọ́ọ̀dù." Ó tún rẹ ohùn sílẹ̀ sí i. "Tí ẹ̀rọ yín bá dákẹ́ kó tó di Ọjọ́bọ̀, koríko yín á wà níbi tó wà. Tí kò bá dákẹ́, ẹ má bínú sí mi o."

Bàbá ti ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí. Ó yọ wáyà púlọ́ọ̀gì, ó yí agbada náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tú bíléèdì sílẹ̀, ó gbé e sókè, ó fi ojú kan wo gígùn rẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Bíléèdì náà ti tẹ̀! Etí rẹ̀ lápá ọ̀tún ká sókè bí etí ajá tó gbọ́ orúkọ rẹ̀, tòsì náà sì ká sókè bẹ́ẹ̀. Abájọ tó fi ń ké. Ta ni kò ní ké?

Pé etí méjèèjì ká sókè bákan náà, tí ọ̀kan kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju èkejì lọ, kò mú un fura. Èrò tirẹ̀ ni pé ẹrù wúwo kan ló já lé e lórí nínú ọkọ̀ tó gbé e wá, tí ẹrù náà sì fi ìwà ọmọlúwàbí tẹ ọ̀tún àti òsì láìṣe ojúsàájú.

Ó gbé e lé irin ńlá kan, ó mú òòlù, ó na etí méjèèjì títí tí wọ́n fi dọ́gba pẹ̀lú ìyókù ara. Bó ṣe ń lù ú ni inú rẹ̀ ń dùn. Nígbà tó tún gbé e sójú, bíléèdì náà gún gbọọrọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dè é padà, ó tan ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kùn bí ẹ̀fọn. Ó tì í gba ìsàlẹ̀ wọ́ọ̀dù kọjá, ó tún tì í padà. Màmá ṣí fèrèsé, ó tẹ́tí, ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó tì í. Èèyàn kan ò tíì fún Bàbá ní ẹ̀bùn tó tó mímì orí yẹn. Ó súfèé délé.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ o. Koríko ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ó ní ẹ kí òun lánàá."

"Kí kẹ̀? Mo gé e ni."

"Ẹ gé e? Áà. Mo ṣe bí ẹ kàn ń mú ẹ̀rọ nasẹ̀ ni."

Bàbá sáré dé ìdí pápá. Koríko ti dìde dúró, ó rí jánganjàngan, bí irun ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Òmíràn gùn, òmíràn kúrú, òmíràn kàn fàya lẹ́nu lásán. Níbi tó ti gé díẹ̀, gbogbo èyí tó gé ti lẹ̀ mọ́ inú agbada, ó sì ti já sílẹ̀ ní òṣùṣù tútù-tútù, bí ẹni pé màlúù ló ti ibẹ̀ kọjá. Ó tún un gé ní òòró. Ó tún un gé ní ìbú. Koríko á dùbúlẹ̀ fún ẹ̀rọ bí ọmọ tó ń díbọ́n oorun, bí ẹ̀rọ bá ti kọjá, á dìde. Nígbà tó gbójú sókè, Màmá wà lójú fèrèsé. Kò mi orí. Kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀, nítorí kò sọ̀rọ̀ rárá. Ọ̀la sì ni Ọjọ́bọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó yà sílé wá jẹun. Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Pálọ̀ ni máṣíìnì rẹ̀ wà, lábẹ́ fáànù òrùlé gan-an, àjákù aṣọ sì ń fò kiri nílẹ̀ bí ẹyẹ. Bàbá to bàtà, ó jókòó, ó gba àwo oúnjẹ, kò sì fọwọ́ kàn án. Òkè ló ń wò.

"Bàbá wọn," ni ìyàwó rẹ̀ wí, pẹ̀lú pín-ìnnì lẹ́nu, "ẹ ti ń wo fáànù yẹn látìgbà tẹ́ ẹ ti dé. Kí ló ṣe é?"

"Apá rẹ̀ wọ́. Gbogbo wọn ló tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́."

Ìyàwó rẹ̀ dá máṣíìnì dúró. "Mo bẹ̀ yín, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fọwọ́ kan fáànù mi."

"Ṣé mo sọ pé mo fẹ́ fọwọ́ kàn án ni?"

"Ojú yín ló sọ ọ́. Mo mọ ojú yẹn. Ojú tẹ́ ẹ fi wo ìborí mi nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ooru ń pa mí. Bẹ́ ẹ bá na apá yẹn kó tọ́, á kàn máa yí lásán ni, kò ní fẹ́. Títẹ̀ tó tẹ̀ yẹn ló fi ń gbé afẹ́fẹ́."

Bàbá rọra gbé àwo kalẹ̀. "Kí lẹ wí?"

"Mo ní kẹ́ ẹ má fọwọ́ kan fáànù mi."

"Kì í ṣe ìyẹn. Èyí tó tẹ̀lé e."

"Pé títẹ̀ tó tẹ̀ ló fi ń gbé afẹ́fẹ́. Kí ló dé? Kí lẹ tún nà?"

Ó sọ fún un. Obìnrin náà kọ́kọ́ yọ pín-ìnnì ẹnu rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kó má baà gbé wọn mì, ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó wá rẹ́rìn-ín tó fi sọ orí rẹ̀ lé máṣíìnì. Nígbà tí ẹ̀rín dá, ó nu ojú, ó ní, "Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi. Kẹ́ ẹ sì jẹun kẹ́ ẹ tó lọ."

Àbúrò ìyàwó yìí, jórinjórin ni. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ló ti ń jó irin tirẹ̀. Bàbá ti ẹ̀rọ dé ibẹ̀, bíléèdì àtijọ́ tí iyanrìn ti jẹ náà wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Kó tó kí ẹnikẹ́ni, ó ti ń tún àwọn ọ̀pá irin tó fara ti ògiri tò.

"Bùrọ̀dá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀! Géètì oníbàárà ni, wọ́n fẹ́ kó lọ́ bẹ́ẹ̀." Jórinjórin ṣí ìbòjú, ó tú bíléèdì ìdí ẹ̀rọ, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni."

"Òòlù lẹ fi nà án?"

"Òòlù ni."

"Ẹ wá jókòó, ẹ yin ara yín?"

"Díẹ̀," ni Bàbá wí.

Jórinjórin kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣe bí ẹni tó ní ikọ́. Ó tọrọ ìyẹ̀fun pákó lọ́wọ́ káfíńtà, ó dà á sílẹ̀, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ó de bíléèdì tí Bàbá nà, ó ní kí Bàbá jìnnà sẹ́yìn, ó wá ti ẹ̀rọ sórí rẹ̀. Bíléèdì yí fìrìrì. Ìyẹ̀fun pákó kàn gbọ̀n díẹ̀ níbi tó dùbúlẹ̀ sí, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jí tó ní òun ṣì ń bọ̀. Ó pa ẹ̀rọ, ó tú bíléèdì yẹn, ó de ti àtijọ́. Ti àtijọ́ yìí, etí rẹ̀ ti jẹ, ṣùgbọ́n ó ṣì ká sókè díẹ̀. Bó ṣe tan ẹ̀rọ báyìí, ìyẹ̀fun dìde, ó pòyì nínú agbada, ó gba ẹ̀gbẹ́ jáde, ó sì balẹ̀ sórí irùngbọ̀n jórinjórin. Ẹ̀rọ kò sì ké.

"Ṣẹ́ ẹ rí i?" Ó tu pákó dànù lẹ́nu. "Ojú mímú ló ń gé e. Ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ pè ní wíwọ́ yìí, ìyẹ́ rẹ̀ ni. Òun ló ń fa koríko dìde kójú mímú tó dé. Ṣẹ́ ẹ ti rí onígbàjámọ̀ tó ń gé irun tó sùn? Ṣebí ó máa kọ́kọ́ fi kóòmù gbé e dúró ni. Ìyẹ́ yìí kan náà ló ń fẹ́ èyí tó ti gé jáde. Tẹ́ ẹ bá yọ ìyẹ́ kúrò, koríko á sùn, ẹ̀rọ á gorí rẹ̀ kọjá."

"Ṣùgbọ́n nígbà tó ní ìyẹ́, ó ké tí wọ́ọ̀dù fi jí."

"Ìyẹ́ rẹ̀ ló ga jù. Ìyẹ́ gíga, atẹ́gùn púpọ̀. Atẹ́gùn púpọ̀, ariwo púpọ̀, ẹ́ńjìnì náà á sì máa mí gúlegúle bí ẹni tó ru sìmẹ́ǹtì gun àtẹ̀gùn. Ó dáa fún koríko tó ga tó kì. Irú pápá yín, ìyẹ́ kékeré ti tó."

"Ó dáa náà. Tún un tẹ̀ fún mi. Díẹ̀."

"Kò ṣeé ṣe, Bùrọ̀dá. Irin tí wọ́n tẹ̀, tẹ́ ẹ nà, tí èmi náà tún wá tẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́. Bó bá kán lójú eré, ẹsẹ̀ yín ló máa gbà á lálejò. Ti àtijọ́ yìí náà ti jẹ jù, kò ní pẹ́ ya. Ẹ lọ ra òmíràn."

"Kí ni mo wá fẹ́ fi èyí tí mo nà ṣe?"

"Ó kúkú ti tọ́. Ẹ fi ṣe rúlà."

Ìyá Onípáàtì ń kó ọjà wọlé nígbà tó débẹ̀. Ó gbọ́ ìtàn náà dé òpin, ó káwọ́ lérí. "Bíléèdì mi? Ẹ fi òòlù nà án? Ẹ ò kúkú fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́." Ó mú un lọ síbi ògiri tí àwọn bíléèdì kọ́ sí. Àìmọye ìgbà ni Bàbá ti wá sí ṣọ́ọ̀bù yìí, kò sì rí i rí pé ìyẹ́ wọn yàtọ̀ síra. Ti òmíràn ga, ó ká sókè bí ẹni tó ń gbéraga. Ti òmíràn rọra gbé orí sókè díẹ̀ bí ẹni tó ń yọjú lórí ògiri.

Ó mú ọ̀kan tó ń yọjú. Ó gbé e sójú. Ọwọ́ ń yún un. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ìdí ìyẹ́ náà, ó mí kanlẹ̀, ó gbé àtàǹpàkò kúrò. Kó tó yọ owó lápò, ó fi ihò àárín bíléèdì kọ́ ọ sórí ìṣó láti wò ó bí ọ̀tún àti òsì bá wúwo dọ́gba, torí bí ọ̀kan bá fà sílẹ̀, gbogbo ẹ̀rọ ló máa gbọ̀n. Apá òsì lọ sílẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́jú. Ó dá a padà. Ó mú òmíràn, ìyẹn náà fà. Ó mú òmíràn.

"Bàbá, mo fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù o."

"Ẹ fara balẹ̀, Ìyá."

Níkẹyìn ó rí ọ̀kan tó dúró lórí ìṣó láìmì, ó tẹ́jú bí omi inú àwo. Ìyẹ́ rẹ̀ ká, ara rẹ̀ dọ́gba. Bàbá wò ó pẹ́. Ó sanwó.

Lọ́jọ́bọ̀, ẹni tó ń to òkúta ti dé ṣáájú rẹ̀. Ó ti kan èèkàn sí igun pápá, ó sì ti ń na okùn láàárín wọn. Bàbá dúró tì í, ẹ̀rọ lọ́wọ́. Okùn náà kò tọ́. Ó fẹ́ gbójú kúrò, kò lè ṣe é. Ó lọ, ó fa èèkàn kan yọ, ó tún un kàn níbi tó yẹ.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ni ẹni tó ń to òkúta wí. "Ẹ mọ iṣẹ́ o."

Bàbá tan ẹ̀rọ. Ohùn rẹ̀ kò rí bíi ti ẹ̀fọn, kò sì rí bíi ti ọkọ̀ òfúrufú. Ó dà bí ohùn àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ní yàrá kejì, tí èèyàn gbọ́ pé wọ́n wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Koríko ń dìde, ó ń gé, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ agbada fọ́n jáde wúyẹ́wúyẹ́. Ó gé apá kan dé òpin, ó yí, ó gé ìkejì. Ìlà-ìlà ń hàn. Obìnrin kan tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún lọ́sẹ̀ náà bọ́ bàtà lẹ́bàá ibẹ̀, ó di ejìká ọmọ rẹ̀ mú, ó bọ́ sórí ibi tí wọ́n ti gé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Màmá sọ̀ kalẹ̀ wá. Ó dúró, ó gbọ́ ẹ̀rọ. Ó gbójú sókè wo fèrèsé wọ́ọ̀dù. Kò sẹ́ni tó yọjú. Ó wo obìnrin tó ń rìn títí ó fi dé bẹ́ǹṣì.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń to òkúta, iwájú ilé oògùn nìkan ni."

"Mo ti na okùn tán níbí, mà. Ó sì tọ́ dáadáa."

"Mo rí i. Ẹ ká a."

Bàbá ti ẹ̀rọ rẹ̀ lọ, ó gé pápá náà tán, ó gé ibi tí kò hù pàápàá. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òun àti ìyàwó rẹ̀ jókòó sábẹ́ fáànù, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọn, ó sì jẹ àwo oúnjẹ méjì.

Gbogbo nǹkan ń lọ déédéé títí di ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ tó ń darí ọsibítù ṣèpàdé. Lẹ́yìn ìpàdé, Màmá ránṣẹ́ pè é. Ohùn rẹ̀ ti wà nísàlẹ̀ kó tó débẹ̀.

"Bàbá."

"Mà."

"Wọ́n bi mí bóyá a ṣì ní ẹni tó ń gé koríko. Wọ́n ní nígbà ìpàdé tó kọjá, àwọn gbọ́ yín, àwọn sì mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ. Ní báyìí, àwọn ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ṣùgbọ́n koríko kúrú, mà. Ṣebí wọ́n rí i."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bóyá irú koríko tí kì í ga ni." Màmá fi ọwọ́ ra iwájú orí. "Wọ́n ní bí kò bá sí ẹni tó ń gé e, kí la tún ń fi ẹni tó ń gé e ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ wá nǹkan ṣe sí i. Ẹ má sì jí aláìsàn mi o."

Bàbá dúpẹ́, ó jáde, ó dúró sórí pápá. Wọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ sùn, ìgbìmọ̀ sì gbọ́dọ̀ gbọ́. Ìyá Onípáàtì kò tíì ti ṣọ́ọ̀bù, onírúurú ìyẹ́ ló sì wà lórí ògiri rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á yìí, tẹ́ ẹ ti mọ̀ nípa bíléèdì báyìí ju ìgbìmọ̀ lọ, èwo lẹ ní kó lọ rà?